Oògùn tí Kì í Fọwọ́ Kan Ohun tí Ó ń Dá Dúró: Metformin, Àwọn Oníṣẹ́ inú Sẹ́ẹ̀lì, àti Ògógóró

 

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ náà lé orí ẹnìkan. Bàbá kan tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún wá da Ifá nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ń ṣe é bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Ifá ní kí ó rúbọ, ó rú. Lẹ́yìn náà ni awo já ewé kan fún un pẹ̀lú èèpo igi méjì, ó ní kí ó rẹ wọ́n sínú ògógóró, kí ó máa mu ún ní ife kékeré láàárọ̀ àti lálẹ́. Bàbá dúpẹ́, ó gba ilé lọ. Ohun tí awo kò bi í, tí òun náà kò sì sọ, ni pé ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí òun ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń pè ní metformin. Àpẹẹrẹ lásán ni bàbá yìí o, a kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n awo wo ló ń gba èrò lóde òní tí irú bàbá bẹ́ẹ̀ kò tíì jókòó síwájú ọpọ́n rẹ̀ rí? Nítorí tirẹ̀ ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí metformin ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà tí ó ń gbà kì í ṣe ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò, ẹni tí kò bá sì mọ ọ̀nà náà lè da nǹkan mìíràn sí i lójú ọ̀nà láìmọ̀.

Bí a bá gbọ́ pé oògùn kan ń dá purotéènì kan dúró, ohun tí ó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni pé oògùn náà lọ bá purotéènì náà níbi tí ó wà, ó dì mọ́ ọn, kò jẹ́ kí ó gbéra. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ oògùn. Aspirin, fún àpẹẹrẹ, a máa lọ bá purotéènì tí ń jẹ́ cyclooxygenase ní ojúkojú, a sì sọ ọ́ di aláìlágbára. Ṣùgbọ́n irú oògùn mìíràn wà tí kì í dé ọ̀dọ̀ purotéènì yẹn rárá. Ibòmíràn ni ó ń yà sí nínú sẹ́ẹ̀lì. Ohun tí ó ṣe níbẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì yóò rí, wọn yóò máa ránṣẹ́ síra wọn láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, títí ìròyìn yóò fi kan purotéènì tí a ń wí, tí òun náà yóò sì káwọ́ rọ̀.

Kí á tó lọ jìnnà, nígbà tí a bá dárúkọ purotéènì níhìn-ín, kì í ṣe ẹ̀wà àti ẹran tí àwọn nọ́ọ̀sì ń ní kí á máa jẹ ni a ń wí o. Lára ẹ̀wà àti ẹran yẹn ni ara ti ń rí ohun èlò, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ni purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi ni wọ́n, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Àrokò ni wọ́n ń pa ránṣẹ́ síra wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń ṣe kí ìwé tó dé. Àrokò tí ó wọ́pọ̀ jù láàárín wọn ni ègé kékeré kan tí ń jẹ́ fọ́sífétì: ọ̀kan a mú un, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì lára. Ẹni tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ lè jí, ó sì lè sùn. Ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ni yóò sọ. Àwọn purotéènì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa pa irú àrokò yìí ni à ń pè ní kinase.

Kinase tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí ni mTOR. Ìtàn bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n dùn. Ní 1964, àwọn oníṣègùn àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan láti Kánádà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Rapa Nui, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Easter Island, láàárín agbami Pàsífíìkì. Wọ́n bu erùpẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ dání bọ̀. Nínú erùpẹ̀ yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Ayerst ní Montreal, tí Suren Sehgal wà lára wọn, ti rí kòkòrò tíńtínní kan tí ń tú nǹkan kan jáde tí ó ń pa ebu. Wọ́n sọ nǹkan náà ní rapamycin ní ìrántí erékùṣù tí ó ti wá, wọ́n sì kọ nípa rẹ̀ ní 1975. Ó di 1991 kí Joseph Heitman, Rao Movva àti Michael Hall tó rí àwọn purotéènì tí rapamycin ń bá wíjọ́. Inú ìwúkàrà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì ni wọ́n ti rí wọn, TOR ni wọ́n sì pè wọ́n. Ní 1994 ni wọ́n rí ti ènìyàn àti ẹranko, èyí tí à ń pè ní mTOR.

Bí mTOR bá kó àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ jọ, wọ́n di ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ mTORC1. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ọ̀gá bíríkìlà. Nígbà tí oúnjẹ bá wà nínú ara, tí insulin ń kéde pé ọwọ́ gbòòrò, ọ̀gá bíríkìlà a pàṣẹ kí wọ́n po yẹ̀pẹ̀: kí wọ́n kọ́ purotéènì tuntun, kí wọ́n ṣe ọ̀rá, kí sẹ́ẹ̀lì tóbi, kí ó pín sí méjì. Lákòókò yẹn, kì í fẹ́ kí wọ́n gbálẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń tú àwọn ohun èlò àtijọ́ palẹ̀ láti tún wọn lò. Iṣẹ́ rere ni iṣẹ́ rẹ̀ bí ó bá mọ ìgbà tí ilé tó. Nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ, kì í mọ̀ ọ́n.

Rapamycin ń lọ bá ọ̀gá bíríkìlà fúnra rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dì mọ́ purotéènì kékeré kan, FKBP12, àwọn méjèèjì a wá jọ lọ tẹ mTOR mọ́lẹ̀. Láti 1999 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, kí ara wọn má baà kọ kíndìnrín àlejò náà. Metformin ò ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í lọ bá mTOR rárá. Síbẹ̀, bí ó bá ti wọlé, ọ̀gá bíríkìlà a rọra jókòó.

Inú ewé ni metformin ti ṣẹ̀ wá, ó sì yẹ kí èyí dùn mọ́ àwa tí a ń bá Ọ̀sanyìn ṣe nínú. Ewéko kan wà ní ilẹ̀ Yúróòpù tí ń jẹ́ Galega officinalis. Ìdílé ẹ̀wà ni. Òdòdó rẹ̀ a máa funfun, a sì máa rí rẹ́súrẹ́sú bí elésè àlùkò. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ibẹ̀ ti ń lò ó láti ayé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni àgùntàn tí ó bá jẹ ẹ́ ní àjẹjù a máa kú. Nígbà tí wọ́n tú u wò, wọ́n bá galegine nínú rẹ̀, èyí tí ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ṣùgbọ́n tí májèlé rẹ̀ pọ̀ jù. Ní 1922, Emil Werner àti James Bell po metformin, ìbátan galegine, ní Dublin. Kì í ṣe àtọ̀gbẹ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọdún márùndínlógójì kọjá, ìyẹn 1957, kí Jean Sterne, dókítà kan ní Paris, tó kọ̀wé pé òun ti fi wo àwọn alátọ̀gbẹ. Ó sọ ọ́ ní Glucophage, bí ẹni sọ pé ajẹ-ṣúgà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní 1958. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ kò gbà á àfi ní ìparí 1994. Ohun tí ó fà á tí wọ́n fi lọ́ra tó bẹ́ẹ̀, a ń bọ̀ wá kàn án, torí òun gan-an ni ọ̀rọ̀ ògógóró bàbá wa.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé oògùn náà lọ. Bí ènìyàn bá gbé metformin mì, kì í yí padà di nǹkan mìíràn nínú ara. Bí ó ṣe wọlé náà ni yóò ṣe bá ìtọ̀ jáde. Kò lè dá wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Oníbodè kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ OCT1, òun ni ó ń gbà á wọlé. Bí ó bá ti wọlé, ó doríkọ mitochondria, ìyẹn ààrò tí sẹ́ẹ̀lì ti ń dáná. Ní 2000, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì, tí olúkúlùkù dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe, fi hàn pé ààrò yìí ni metformin ń fọwọ́ kàn: ó ń fa Complex I sẹ́yìn, èyí tí í ṣe ọ̀kan nínú ẹnu ọ̀nà tí iṣẹ́ ìdáná náà ń gbà bẹ̀rẹ̀. Kò pa iná o. Ó kàn mú un jó rẹ̀yìn ni.

Ohun tí ààrò yìí ń pèsè ni ATP, òun ni agbára tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ń ná. Fọ́sífétì mẹ́ta ni ó wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń ná an ni fọ́sífétì ń já kúrò, títí yóò fi ku ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tí à ń pè ní AMP. Ẹ fi ATP wé igi ìdáná tí ó gbẹ, kí ẹ fi AMP wé eérú. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá, igi pọ̀, eérú kò tó nǹkan. Bí iná bá jó rẹ̀yìn, igi a dín kù, eérú a bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ.

Ẹnìkan wà níbẹ̀ tí kò níṣẹ́ méjì ju kí ó máa wo eérú. AMPK ni orúkọ rẹ̀. Bí eérú bá pọ̀, AMP a dì mọ́ ọn lára. Kinase mìíràn, LKB1, a wá lẹ fọ́sífétì mọ́ ọn, ojú AMPK a là kedere. Ní 2001 ni wọ́n fi hàn pé metformin ń jí AMPK. Ní 2003 ni wọ́n mọ̀ pé LKB1 ni ẹni tí ń pàrokò fún un. Bí AMPK bá ti jí, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ kiri, pé agbára ò tó, kí wọ́n dín ìnáwó kù. Ọ̀nà méjì ni ó sì ń gbà sọ ọ́ fún ọ̀gá bíríkìlà. Ó lè pàrokò sí TSC2. TSC2 a mú Rheb sùn, Rheb yìí sì ni ẹni tí ń jí mTORC1 láàárọ̀. Bí òun bá ti sùn, kò sẹ́ni tí yóò kan ilẹ̀kùn ọ̀gá mọ́. Ọ̀nà kejì, tí wọ́n rí ní 2008, ni pé ó lè lẹ fọ́sífétì mọ́ Raptor, ọ̀kan nínú àwọn ẹmẹ̀wà tí ó jókòó ti mTOR gan-an. Èyí ló ń dá iṣẹ́ ìkọ́lé dúró.

Ẹ wá kà wọ́n: ààrò, eérú, AMPK, TSC2, Rheb, kí ó tó kan mTORC1. Àrokò náà ti kọjá ọwọ́ márùn-ún. Metformin ò mọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo nìyẹn. Ní 2010, àwọn olùwádìí kan yọ AMPK kúrò nínú ẹ̀dọ̀ eku, wọ́n fún eku náà ní metformin, ṣúgà rẹ̀ ṣì wálẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn mìíràn fi hàn pé metformin lè mú mTORC1 dákẹ́ láìgba ọ̀dọ̀ AMPK, pé ó lè gba ọ̀dọ̀ àwọn purotéènì tí ń jẹ́ Rag. Ní 2014, àwọn kan tọ́ka sí ẹlòmíràn nínú ààrò tí ó yàtọ̀ sí Complex I. Ní 2022, ìwádìí tuntun tún jáde pé bí oògùn náà bá kéré, ó ń dì mọ́ purotéènì kan tí ń jẹ́ PEN2, ibẹ̀ ni ìròyìn sì ti ń dé ọ̀dọ̀ AMPK láìjẹ́ pé eérú pọ̀ rárá. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ènìyàn ti ń gbé hóró yìí mì, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Àwa ò rí ìtìjú kankan níbẹ̀. Àwọn tí ń fi awo ṣe ẹlẹ́yà pé wọn ò mọ ìdí tí ewé wọn fi ń ṣiṣẹ́ yẹ kí wọ́n rántí pé láti 1957 títí di 2000 ni àwọn dókítà fi ń kọ metformin fún ènìyàn láìmọ ibi tí ó ń yà sí.

Ẹ̀yin olùwádìí àárín wa, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. A máa ń kà á nínú ìwé pé omi ewé báyìí "ń dá" purotéènì báyìí dúró. Kí ni olùwádìí náà ṣe? Ó da omi ewé lé sẹ́ẹ̀lì lórí, ó wo purotéènì náà ní ọjọ́ kejì, ó rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ ti dín kù. Ó dára. Ṣùgbọ́n bóyá ewé náà fọwọ́ kan purotéènì yẹn, àbí ààrò ló kàn bọmi sí, èyí kò tíì hàn. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ọ́n kò ṣòro láti sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ń bẹ níbẹ̀. Kí á mú purotéènì náà nìkan, láìsí sẹ́ẹ̀lì, sínú ìgò, kí á da oògùn lé e. Bí ó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ bí ìṣe rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń dákẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, a jẹ́ pé ẹnìkan ló wà láàárín. Lẹ́yìn náà kí á wá yọ ẹni tí a fura sí. Bí a bá yọ AMPK tí oògùn kò sì mú purotéènì náà dákẹ́ mọ́, AMPK ni oníṣẹ́. Bí ó bá ṣì dákẹ́, kí á wá oníṣẹ́ mìíràn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní 2010.

Sẹ́ẹ̀lì tí a fi ń dán an wò náà ṣe pàtàkì. Ọ̀kan tí ilé àyẹ̀wò káàkiri ayé ń lò jù ni HeLa, èyí tí wọ́n mú lára Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, ní Baltimore ní 1951, láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. (Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan tó ìwé mìíràn.) HeLa kò ní LKB1. Phenformin, ẹ̀gbọ́n metformin, kì í lè jí AMPK níbẹ̀, torí ẹni tí ì bá pàrokò fún AMPK kò sí nílé. Bí ọmọ wa kan bá mú ewé tí ń gba irú ọ̀nà yìí, tí ó dán an wò lórí HeLa, tí kò rí nǹkan, ó lè padà wá sọ pé ewé àwọn baba òun kò níṣẹ́. Ewé kò jẹ̀bi. Afárá ló já.

Ìwọ̀n sì tún wà ńbẹ̀. Metformin tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ń lò ó bí dókítà ṣe wí kì í sábà ju nǹkan bíi 10 sí 40 micromole nínú lítà kan. Ọ̀pọ̀ ìwádìí inú ìgò lo millimole 1 sí 10, èyí tí ó jù ú lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè má ṣẹlẹ̀ láé nínú ara ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ìwé lórí ewé tiwa ni àṣìṣe yìí wà nínú wọn, ó sì ń dùn wá, torí ó ń mú kí àwọn tí kò fẹ́ràn wa rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ewé tiwa ńkọ́? Berberine, tí ó wà nínú àwọn ewéko kan ní ilẹ̀ Ṣáínà, ń gba ọ̀nà tí metformin ń gbà: ó ń fa Complex I sẹ́yìn, AMPK sì ń jí. Èèpo awọ́pa, tí àwọn kan ń pè ní dókítà igbó, tí a fi ń wo ibà pọ́njú, ní palmatine àti jatrorrhizine nínú, ìbátan berberine sì ni àwọn méjèèjì. Ìbátan kì í ṣe ẹni náà gan-an o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wá iṣẹ́ ìwádìí tí yóò ṣe, a ti fi ilẹ̀kùn kan hàn án. Kí ó sì rántí pé àkóṣe wa kì í sábà jẹ́ ewé kan. Ìwé Ewé tí Pierre Fatumbi Verger tẹ̀ jáde ní Brazil ní 1995 kún fún àkóṣe oníewé púpọ̀. Ẹni tí ó bá yọ ẹyọ kan nínú wọn, tí ó lọ fi kan purotéènì kan ṣoṣo, lè ti fi oníbodè sílẹ̀ nínú igbó.

Àwọn kan nínú wa yóò ti máa wí báyìí pé Ifá ti sọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀. A kò bá wọn lọ. Kò sí Odù tí ó dárúkọ mTOR, ẹni tí ó bá sì ń fi ipá tì í wọ inú ẹsẹ Ifá ń ba Ifá jẹ́, ó tún ń ba sáyẹ́ǹsì jẹ́. Ohun tí a lè sọ láìpurọ́ ni pé èrò náà kò ṣàjèjì sí awo. Ẹni tí ó rúbọ kì í gbé ẹbọ dé ọ̀run fúnra rẹ̀, Èṣù ní ń gbé e. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ìpín Èṣù ṣeré, torí ẹbọ lè pé kí ó má fín, kí ó má dà, bí ẹni tí yóò gbé e kò bá gbé e. Ọmọ awo tí ó bá ti mọ èyí láti kékeré kò yẹ kí ó pẹ́ kí ó tó lóye pé oògùn lè kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kí ó tó dé ibi tí a rán an.

Ó ku ògógóró. Ẹ rántí pé metformin ń mú iná ààrò jó rẹ̀yìn. Bí ààrò bá ń jó rẹ̀yìn, sẹ́ẹ̀lì a máa wá agbára lẹ́yìn ààrò, á máa fọ́ ṣúgà níta, ohun tí yóò sì ṣẹ́ kù ni lactic acid. Ẹ̀dọ̀ ni ó máa ń kó lactic acid yìí nílẹ̀, tí ó ń sọ ọ́ di ṣúgà padà. Metformin ń fa ọwọ́ ẹ̀dọ̀ sẹ́yìn nínú iṣẹ́ yẹn gan-an. Ara ohun tí ó fi ń mú ṣúgà wálẹ̀ nìyẹn. Bí kíndìnrín bá dára, tí oògùn ń bá ìtọ̀ jáde bí ó ṣe yẹ, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ọtí líle náà, iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ kan náà yìí ni ó ń dá dúró. Ẹ wá rí i pé nǹkan méjì ló tẹ̀dí ti ilẹ̀kùn kan. Lactic acid lè kóra jọ nínú ẹ̀jẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi kan: èébì, inú rírun, mímí gúlegúle, oorun tí kò ṣeé jí. Ó máa ń pa ènìyàn.

Èyí ni Amẹ́ríkà ń bẹ̀rù kí ó tó gba metformin ní 1994. Phenformin tí a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan ń bọmi sí ààrò ju metformin lọ, ó sì fi lactic acid pa àwọn ènìyàn. Ní 1977, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè sì ṣe bẹ́ẹ̀. Metformin rọ̀ jù ú lọ dáadáa. Ìṣòro lactic acid ṣọ̀wọ́n lára ẹni tí ń lò ó, àfi bí kíndìnrín bá ti bàjẹ́, tàbí tí ẹ̀dọ̀ kò dára, tàbí tí ọtí bá pọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà kì í fi í fún ẹni tí òṣùwọ̀n kíndìnrín rẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ ní eGFR, bá ti wálẹ̀ ju 30 lọ.

Bí awo bá fẹ́ rẹ nǹkan fún ẹni tí ń lo metformin, omi ni kí ó fi rẹ ẹ́, kì í ṣe ògógóró. Kí ó tún wo ohun tí ń ba kíndìnrín jẹ́. Ìdílé Aristolochia, tí akọ-igún wà nínú rẹ̀, ni àwọn olùwádìí ń wí. Ní 1993, àwọn dókítà ní Brussels kọ nípa àwọn obìnrin tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lo egbògi Ṣáínà láti fi fọn. Aristolochia ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fún alátọ̀gbẹ ní akọ-igún lè máa ba ọ̀nà àbájáde metformin jẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí kò sì ní rí i títí ọdún yóò fi yí po.

Ewúro àti àwọn ewé mìíràn tí ń mú ṣúgà wálẹ̀ tún ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Metformin nìkan kì í sábà mú ṣúgà já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ ló ń lò ó pẹ̀lú glibenclamide, èyí tí wọ́n mọ̀ sí Daonil, tàbí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ insulin, àwọn wọ̀nyí sì lè já a wálẹ̀. Bí a bá wá fi ewé lé e lórí, tí ẹni náà kò sì tètè jẹun, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, kí ó máa làágùn, kí ọ̀rọ̀ máa dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Kí ẹni tí ó wà nítòsí fún un ní omi ṣúgà kíákíá bí ó bá ṣì lè gbé nǹkan mì. Bí kò bá lè gbé e mì, kí wọ́n má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ọsibítù ni kí wọ́n sáré gbé e lọ.

Kí á padà sí ọ̀dọ̀ bàbá wa. Kí ó má dá metformin dúró fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí awo má sì sọ fún un pé kí ó dá a dúró. Ògógóró ni kí ó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ń ṣe é bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀ lè jẹ́ àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀, torí àtọ̀gbẹ a máa ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́. Ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn: ẹni tí ó bá ti lo metformin fún ọdún púpọ̀, ara rẹ̀ lè má rí fítámì B12 gbà tó láti inú oúnjẹ mọ́, B12 tí kò tó sì ń mú kí ẹsẹ̀ máa kú tàbí kí ó máa rìn ín. Ọdún mẹ́sàn-án ti tó fún ìyẹn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ èwo ni, kí wọ́n sì wo kíndìnrín rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé B12 ló wọ́n, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò wọ́n ju ìgò ògógóró tí bàbá rà lọ́jọ́ náà lọ.